Kí bàtà ìsáré tó lu nísàlẹ̀ ló ti máa ń kú nínú

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ọlọ́jà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ tó pàtẹ tán, kí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá tó dí ojú ọ̀nà, àwọn asáré ló máa ń ni títì. Àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré bọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́ láti Ojo Road, àwọn mìíràn á gba Kirikiri Road, àwọn tí èémí wọn gùn á gba Malu Road wọ àárín Àpápá lọ kí wọ́n tó yí padà. Àwọn àgbà náà kò gbẹ́yìn. Wọn kì í sáré ní tiwọn. Wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn, wọ́n á máa rìn kánmọ́kánmọ́, nítorí dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò fẹ́ ìjókòó.

Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò wo ojú wọn, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn ló ń wò, yóò rí nǹkan. Yóò rí kánfáàsì tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òṣùpá tó dá sí méjì. Yóò rí èyí tí aránbàtà ti fi òwú tó nípọn rán yípo bí ìgbà tí èèyàn rán ẹnu àpò ìrẹsì. Yóò rí òmíràn tó funfun nẹ́nẹ́, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń yangàn, àmọ́ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ ni ariwo ń jáde, "pàá, pàá, pàá", bí ẹni fi pákó gbá ilẹ̀.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó funfun yẹn ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù jù. Bàtà tó lu, ẹni tó ni ín mọ̀ pé ó lu, òkúta á ti gún un létí títì. Èyí tó kú nínú, tí òde rẹ̀ ṣì ń dán, kì í wí fún ẹnikẹ́ni. Orúnkún, ojúgun àti gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tó ni wọ́n á sì máa rò pé ọjọ́ orí ló dé tàbí pé làkúrègbé ló ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní àdúgbò yìí. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Láti ọdún 1926 tí wọ́n ti parí ibi mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè sún mọ́ ní Àpápá ni iṣẹ́ èbúté ti ń fa èèyàn wá: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ìgbò, Urhobo, Hausa, gbogbo wọn ló kó ẹrù wọn wá síbẹ̀. Ọjà tó ń wọ Nàìjíríà ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá lójoojúmọ́, síbẹ̀ bàtà tuntun inú kọ̀ǹténà kì í sábà dúró ní Ajégúnlẹ̀. Òkìrìká ló ń dúró. Nínú ìwé àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní wọn kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, aṣọ àlòkù wà níbẹ̀. Bàtà náà wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ bàtà eré ìdárayá àti kánfáàsì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ra òkìrìká ló mọ̀ pé aṣọ àti bàtà àlòkù ń gba Kùtọnu wọlé, tí wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lórí ọ̀rá ní ojú pópó, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ kó ṣa tirẹ̀.

Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò sì kọ́kọ́ fi bàtà mọ eré ìdárayá. Bọ́ọ̀lù rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní felele ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, lójú àgbàrá, láàárín òkúta méjì tí wọ́n fi ṣe góòlù. Ibẹ̀ ni Samson Siasia ti dìde, ẹni tó gbá góòlù wọlé Argentina ní ìdíje ife àgbáyé lọ́dún 1994. Ibẹ̀ ni Taribo West àti Jonathan Akpoborie ti dàgbà. Odion Ighalo, tó gba góòlù wọlé jù lọ ní ìdíje ife Áfíríkà lọ́dún 2019, orí pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́.

Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ bí ọmọ bá ń béèrè owó bàtà: ṣé bàtà ni àwọn baba yín fi gbá a? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1949 tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, àwọn òyìnbó sì ń wò wọ́n tìyanutìyanu. Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, wà nínú ikọ̀ náà. Lọ́dún 1960, Abebe Bikila láti Ethiopia fi ẹsẹ̀ lásán sáré ìdíje maratọ́ọ̀nù Olympics ní ìlú Róòmù, ó sì gba wúrà.

Àmọ́ Bikila kan náà wọ bàtà nígbà tó tún gba wúrà ní Tokyo lọ́dún 1964. Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà láti kékeré ti le, ó ti mọ bí yóò ṣe gbé ara rẹ̀ lélẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti wà nínú bàtà fún ogójì ọdún kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bàtà tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan sì yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ lásán pátápátá: ẹsẹ̀ lásán á fojú ara rẹ̀ wá ibi tó tẹ́jú, bàtà wíwọ́ á fi tipátipá yí ẹsẹ̀ sí ibi tí kò fẹ́ lọ, ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ohun tó ń kú nínú bàtà náà nìyí. Bàtà ìsáré ní ìpele mẹ́ta nísàlẹ̀. Rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Lọ́dún 1971, Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, da rọ́bà sínú irin tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dín àkàrà òyìnbó kó lè rí bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di ilẹ̀ mú dáadáa. Ó ba irin ìyàwó rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Nike rí ọjà tà nínú rẹ̀. Àtẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tó ṣeé yọ síta ni ìkẹta, òun ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bàtà. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà: fóòmù tó nípọn, tí wọ́n sábà máa ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní EVA ṣe. Bí èèyàn bá gé e, yóò rí i pé àwọn ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn ló kún inú rẹ̀, bíi búrẹ́dì. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá gbé kúrò, á tún wú padà.

Ẹni tó ń sáré kì í fi ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan lu ilẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ipá tó ń kan ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara. Ẹni tó bá wọn kílò 70, ipá tó tó kílò 140 sí 210 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ń sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lè gbé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 1,000 nínú kìlómítà kan, ìdajì rẹ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa sáré 500 kìlómítà, bàtà ọ̀tún nìkan ti gba nǹkan bí 250,000 ìlùkù. Kò sí búrẹ́dì tó lè wú padà lẹ́yìn irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àwọn ihò wínníwínní yẹn á fọ́, á lẹ̀ mọ́ra wọn, fóòmù á di pákó. Rọ́bà ìsàlẹ̀ sì lè má tíì jẹ tó ìdajì.

Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe bàtà àti àwọn olùkọ́ eré sísá fi máa ń sọ pé kí èèyàn pààrọ̀ bàtà ìsáré láàárín 480 sí 800 kìlómítà, ìyẹn máìlì 300 sí 500. Kì í ṣe òfin Mósè. Ẹni tó sanra, ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó ń sáré lórí kọnkéré, tirẹ̀ á tètè kú. Ẹni tó fúyẹ́, tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ pápá, tirẹ̀ á pẹ́ díẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọ̀dọ́ tó ń sáré kìlómítà 5 nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti sáré 20 kìlómítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 25, ó ti pé 500 kìlómítà. Oṣù mẹ́fà péré nìyẹn. Bó bá rọra sáré, tí bàtà rẹ̀ sì dára, ó lè wọ̀ ọ́ dé ọ̀sẹ̀ 40. Àwọn tó ń gbára dì fún eré maratọ́ọ̀nù ìlú Èkó, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní oṣù Kejì ọdún 2016, ń sáré ju èyí lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wọ bàtà kan ṣoṣo láti ìgbà ìgbáradì títí dé ọjọ́ ìdíje.

Fún àgbà tó ń rìn, ìlùkù kò pọ̀ tó ti asáré, nítorí náà bàtà rẹ̀ yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín, ìdajì wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò rin nǹkan bí kìlómítà 12 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀, bó bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Lọ́dún kan, ó ti di 650. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ bàtà rẹ̀ wò dáadáa bí ọdún bá ti yí po.

Àyẹ̀wò náà kò gba owó. Gbé bàtà méjèèjì sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí o sì wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn ní ìdọ̀gba ojú. Bàtà tó ṣì wà láàyè á dúró gangan. Èyí tó ti kú á dẹgẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Lẹ́yìn náà, fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù àárín láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì padà. Bó bá le gbagidi, tàbí tí ara rẹ̀ ti hun jọ bí awọ ọrùn arúgbó, tí ìlà híhun náà kò sì lọ nígbà tí kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí o lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ: àwọn bàtà kan wà tó rọ̀ láti ilé iṣẹ́, àmọ́ bí tìrẹ kò bá rọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá ń lọ́ bí àkísà, o ti mọ̀. Fi ọwọ́ fún ẹ̀yìn gìgísẹ̀ náà. Ó yẹ kó le, nítorí òun ló ń di gìgísẹ̀ mú kó má yẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó máa ń tẹ ẹ̀yìn kánfáàsì mọ́lẹ̀ bíi sálúbàtà láti lọ ra àkàrà, àwọn fúnra wọn ló ń pa bàtà wọn.

Ní ti rọ́bà ìsàlẹ̀, kò pọn dandan kó lu. Bí ibì kan bá ti jẹ dé ibi tí fóòmù ti yọjú, tàbí tí ojú rẹ̀ ti dán bí àwo, ó tó. Gìgísẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù ni bí ẹsẹ̀ kan bá jẹ ju èkejì lọ gan-an.

Ara náà máa ń sọ̀rọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìrora ojúgun tàbí orúnkún tí kò sí tẹ́lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nígbà tí èèyàn kò fi kún eré rẹ̀, tó sì dín kù ní ọjọ́ tó wọ bàtà mìíràn, bàtà ni kó kọ́kọ́ fura sí. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò pé ogbó bàtà nìkan ló ń fa ìpalára, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa asáré lára, àpọ̀jù eré sì wà lára wọn. Bí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn tí bàtà ti yí padà, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi òróró fa ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkìrìká wá gba àlàyé tirẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń rà. Ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú ijó, ijó ni yóò bá lọ; bàtà tí a bá rà nítorí pé ó funfun, funfun náà ni yóò fọ̀ lọ. Kí bàtà àlòkù tó dé orí ọ̀rá, wọ́n ti fi ọṣẹ àti omi tó ń bó aṣọ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ẹ̀gbẹ́ fóòmù, wọ́n ti pààrọ̀ okùn rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á fi àtẹ́sẹ̀ tuntun bo ti àtijọ́. Orí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kùn yẹn gan-an ni àtàǹpàkò ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Yọ àtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ síta kí o wo ojú ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí àmì ọmọ ìka márààrún àti gìgísẹ̀ bá ti wọlé jìn, ẹlòmíràn ló ni bàtà yẹn títí láé. Ìrìn tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ìwọ á kàn máa tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Òmíràn wà tó burú jù bẹ́ẹ̀. Àwọn bàtà kan, wọ́n fi polyurethane ṣe ìsàlẹ̀ wọn. Ohun èlò yìí kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru á sì máa ràn án lọ́wọ́, yálà wọ́n wọ̀ ọ́ tàbí wọn kò wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni ẹnì kan ṣe lè ra bàtà tí kò ní àpá kankan, kó wọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa wó dànù lójú títì bí àkàrà tó ti gbó. Ọ̀pọ̀ ti pe èyí ní àjẹ́ tàbí ayédèrú. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, bàtà gidi tó ti pẹ́ jù ni. Kí o tó sanwó, fi èékánná rẹ ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó fara sin. Bó bá ń bó wínníwínní tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà, dá a padà. Tẹ̀ ẹ́ láti iwájú sí ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá bínú, ìbínú náà ti jẹ́ èsì.

Kí èèyàn sì lọ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan wà láàárín ìka tó gùn jù àti ẹnu bàtà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò tó ẹ̀rí, nítorí 42 ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 41 ilé iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn aránbàtà tó ń jókòó sí ìkóríta Ajégúnlẹ̀ àti àwọn ará Òkè Ọya tó ń gbé àpótí wọn kiri kò ṣeé kó dànù. Wọ́n lè lẹ etí rọ́bà tó ń ṣí, wọ́n lè rán ara bàtà tó ya, wọ́n lè fi awọ bo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tó ń ha èèyàn. Ibi tí agbára wọn pin sí ni fóòmù. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè jí i dìde. Rírán tí wọ́n ń rán an yípo máa ń mú kí rọ́bà má bọ́, òótọ́ ni, àmọ́ abẹ́rẹ́ á dá ihò sí i, omi àgbàrá á máa gba ibẹ̀ wọlé, òwú náà á sì fún fóòmù pọ̀ kó má lè wú bó ṣe yẹ. Àwọn kan máa ń lẹ táyà ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kánfáàsì. Bàtà yẹn dára fún ẹni tó ń ti ọmọlanke tàbí ẹni tó ń dúró ní sọ́ọ̀bù. Fún ìsáré, ó wúwo, kì í tẹ̀, àfi kó dá ẹsẹ̀ lágara.

Bàtà bọ́ọ̀lù náà kò dára fún ojú títì. Àwọn ọmọ tó ń ti pápá Maracana sáré relé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́yín lẹ́sẹ̀ ń jẹ ẹyín rẹ̀ tán lórí ọ̀dà, tí ìka ẹsẹ̀ á wá máa gbé ara lórí kókó bíi mélòó kan. Kí wọ́n bọ́ ọ kọ́ ọrùn, bí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn bàbá àti ìyá tó wà ní abúlé rèé. Ó ti di àṣà kí ọmọ tó wà ní Èkó kó kánfáàsì tí kò fẹ́ mọ́ sínú àpò, kó fi ránṣẹ́ sílé bí ọdún bá ń bọ̀. Bàbá á gbàdúrà fún un, á sì wọ̀ ọ́ fún ìrìn tí dókítà ní kó máa rìn. Ọmọ náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ránṣẹ́ ni bàtà tí òun fúnra rẹ̀ ti sáré pa. Rọ́bà tó ti dán kì í di ilẹ̀ mú lórí ẹrẹ̀ tàbí lórí táìsì tó tutù, àgbà tó bá sì ṣubú lè fi egungun ìbàdí dá a. Gìgísẹ̀ tó dẹgẹ̀rẹ̀ lè yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko níbi tí kò sí ẹni tó máa gbé e.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn náà lè pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀, tí okùn tó yọ síta nínú bàtà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ á fi máa ha ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Egbò tó bá yọ á lọ́ra láti jinná. Gígé ni àwọn ẹsẹ̀ kan ń yọrí sí, láti orí egbò tí kò ju orí ìṣáná lọ níbẹ̀rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, láràárọ̀, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálẹ́ tàbí kó ní kí ọmọ bá òun wò ó. Kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ dé ojú ẹ̀. Bí owó ọmọ kò bá tó ra bàtà méjì lọ́dún, ti bàbá tó ní àtọ̀gbẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ rà ní tuntun. Òun lè máa ṣa òkìrìká ní tirẹ̀, ó ní ojú láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé bàtà méjì, kó máa pààrọ̀ wọn, òní eléyìí, ọ̀la ìyẹn, kí fóòmù lè ráyè sinmi kí òógùn sì gbẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára àwọn asáré 264 ní orílẹ̀-èdè Luxembourg, tó jáde lọ́dún 2013, fi hàn pé àwọn tó ń lo oríṣi bàtà tó ju ẹyọ kan lọ kì í fara pa tó àwọn tó ń lo ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní ju ẹyọ kan lọ lè fi bàtà náà sílẹ̀ fún ìsáré nìkan, kó wọ nǹkan mìíràn lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kó sì wá iyẹ̀pẹ̀ sáré lé lórí ju kọnkéré tí àwọn tírélà ń gbà lọ. Bí omi òjò Ajégúnlẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, kó fa àtẹ́sẹ̀ rẹ̀ yọ, kó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kún inú rẹ̀, kó gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Gbígbé e sórí páànù nínú oòrùn gangan ló ń yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àwọn asáré kan ti ní ọgbọ́n kan tí kò ná wọn ju bírò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ bàtà, wọ́n á fa àtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ yọ, wọ́n á kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á tún fà á yọ láti wò ó.